Èéfín Tí Mo Tẹ̀lé Nínú Oko Kajú

Bàbá wa kọ́ wa pé ọmọ Ṣábẹ kì í béèrè ọ̀nà. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá bá a lọ sí oko, tí ìgbẹ́ bá ti bò wá lójú, á dúró, á ní ká gbé orí sókè ká wá òkè. Òkè yẹn, àwọn àpáta ńlá tó yọ lẹ́yìn ìlú wa, máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá rí i, kó ṣáà kọjú sí i kó máa rìn, á délé. Bàbá wa máa ń sọ pé, "Àlejò ló ń béèrè ọ̀nà. Onílẹ̀, òkè ló ń wò." Àwa ọmọ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni gba ogún. Mo ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì bi ènìyàn léèrè ọ̀nà rí ní gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín Ṣábẹ àti Kaboua.

Ọjọ́ tí mo béèrè ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù, àwọn tó wà níbẹ̀ sì wà láàyè. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí mo bá rí igi kajú tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, àfi kí n nù ún mọ́ aṣọ.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́. Ọkọ mi ló ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, irú èyí tí a ń pè ní bàaṣé, tó fi ń kó iṣu láti oko wá sí ọjà. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí ní kí n tà á. Mi ò tà á. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á lórí pápá bọ́ọ̀lù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu fúnra mi. Obìnrin tó ń wa bàaṣé wọ inú oko kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ọkùnrin tó ń já ẹrù lọ́jà kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

"Màmá, ẹ rọra o. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ ń tẹ̀ yẹn."

"Fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀nà ni wọ́n ń rán," ni ẹlòmíràn á dáhùn. "Tó bá ya, wọ́n á lẹ̀ ẹ́."

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti pinnu nínú ara mi pé wọn ò ní gbọ́ láéláé pé wọ́n rí mi lẹ́bàá ọ̀nà tí mò ń bi ènìyàn pé níbo ni mo wà. Tí mo bá ṣìnà díẹ̀, màá wá òkè, màá sì pa ẹnu mi mọ́.

Ilẹ̀ bàbá wa wà ní apá ọ̀nà Kaboua. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ló ń bójú tó o. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ náà ni àlejò wa ń dáko. Láti Atakora, lápá àríwá, ló ti wá nígbà tí bàbá wa ṣì lágbára. Bàbá wa fún un ní ibi tí yóò máa kọ ebè, wọ́n sì bá a sọ ọ́ bí a ti ń bá gbogbo àlejò sọ ọ́: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ohunkóhun tí a ń gbìn tí a ń kórè tó sì ń tán, kó gbìn ín. Igi nìkan ni kò gbọ́dọ̀ gbìn. Igi ń pẹ́ ju ènìyàn lọ. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ ti ń sọ fún àwọn ọmọ tí kò tíì bí pé tiwọn ni. Ọkùnrin náà gbọ́, ó sì gbà. Ọdọọdún ló ń gbé iṣu àti adìyẹ wá kí bàbá wa, nígbà tí bàbá wa sì kú, kò dá a dúró, ìyá wa ló ń gbé e wá fún. Ó ju èmi àti àbúrò mi lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "ìwọ" la fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí pé àlejò bàbá wa ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àbúrò mi wá bá mi nílé. Ọmọ àbúrò bàbá wa kan tẹ̀lé e, ọkùnrin gíga kan tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Àdá wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń lọ kó iṣu lónìí?"

"Mò ń lọ."

"Ẹ gbé wa dé ọ̀dọ̀ àlejò yín. Ó ti gbin kajú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Àárín ebè ló gbìn ín sí, kó má baà hàn. Ó ti ga dé orúnkún."

Mo wo àdá wọn. Mo ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ lọ bá a sọ, àbí orí rẹ̀ lẹ fẹ́ lọ gé?"

Ìbátan wa yẹn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnu la ó fi gé igi ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé wọn.

Nígbà tí a débẹ̀, ọkùnrin náà wà nínú oko pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́ sínú ọpọ́n aláwọ̀ ewé kan. Àbúrò mi kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ àárín ebè, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa kajú kan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì jù ú síwájú ọkùnrin náà. Ó fa òmíràn tu. Erùpẹ̀ ṣì wà lára gbòǹgbò wọn.

"Ẹ dúró ná," ni ọkùnrin náà wí. Èdè wa ló sọ, pẹ̀lú ohùn ibi tó ti wá. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Ìyá. Ìyá mọ̀ sí i."

"Ìyá wo?" ni àbúrò mi wí. "Ìyá tìrẹ wà ní Atakora."

"Ẹ jẹ́ kí n wí tán. Ìyá ló ní kí n..."

Ìbátan wa kò jẹ́ kó wí tán. Ó gbá a létí. Fìlà ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un; ìbátan wa fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣubú lu ebè. Mo wà lẹ́nu ọkọ̀, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi kò dé ibì kankan. Àbúrò ọkùnrin náà ti ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ oko. Kò pariwo. Ó gbé àdá sókè, àbúrò mi yípadà, àdá náà sì bá a ní itan. Irú ìró tó ń wá láti ìsọ̀ alápatà ni mo gbọ́. Àbúrò mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, lẹ́yìn náà ló wá jókòó.

Ìbátan wa sá. Mo rò pé ọkọ̀ ló ń sá bọ̀ wá bá. Ibi ààrò obìnrin yẹn ló lọ, ó fa igi iná yọ, ó sì sọ ọ́ sórí àká iṣu wọn. Koríko gbígbẹ ni wọ́n fi bo àká náà. Nígbà ọyẹ́, irú koríko bẹ́ẹ̀ kì í bá iná jiyàn. Kí n tó mí, ó ti gba gbogbo orí rẹ̀. Èbù tí wọ́n fẹ́ gbìn nígbà òjò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí wọn ó jẹ. Obìnrin náà sáré wọ inú iná, ọkọ rẹ̀ sáré tẹ̀lé e láti fà á jáde, àbúrò rẹ̀ náà sì fi wá sílẹ̀ ó kọjú sí iná. Ohun tó jẹ́ ká rí àyè gbé àbúrò mi sẹ́yìn bàaṣé nìyẹn. Bí mo ṣe ń yí ọkọ̀ padà ni òkúta fọ́ gíláàsì iwájú, èkejì sì bà mí ní èjìká.

Ọ̀nà tí a gbà wá ni mo fẹ́ gbà padà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dáko nítòsí ti rí iná, wọ́n ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà náà pẹ̀lú igi àti ọkọ́. Bí mo bá bọ́ sáàárín wọn, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wa á sọ ohun tí a ṣe. Mo ya sí ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, mo sì wọ inú oko kajú.

Mo mọ ibẹ̀ nígbà kan. Igi igbá ńlá kan wà tí a máa ń yà sí ọ̀tún lábẹ́ rẹ̀, igi òrí méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, tí àwọn obìnrin máa ń sinmi sábẹ́ wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n ti gé. Kajú ló kù, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, bákan náà lápá ọ̀tún, bákan náà lápá òsì, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró láàárín wọn. Àwa onílẹ̀ la gbìn wọ́n. Mo gbé orí sókè kí n wá òkè. Ọyẹ́ ti mú ojú ọ̀run funfun, èéfín sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Kò sí òkè. Bí ẹni pé wọ́n ti gbé e kúrò ni.

Ìbátan wa wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àbúrò mi, lórí àwọn àpò tí mo fi ń kó iṣu. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà. Gíláàsì ẹ̀yìn ti fọ́ tipẹ́, a sì ń gbọ́ ohùn ara wa.

"Ó ń jáde láàárín ìka mi," ni ó wí. "Ẹ sáré, Ẹ̀gbọ́n."

"Mò ń sáré."

"Ṣé ọ̀nà gúdúrọ́ọ̀nù lẹ dorí kọ?"

"Mo ní mò ń lọ."

Ọ̀nà gúdúrọ́ọ̀nù, ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Kútọnu lọ sí Parakú, ni mò ń wá. Bí mo bá ti gúnlẹ̀ sí i, ilé ìwòsàn Ṣábẹ kò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá iwájú ló wà tàbí ẹ̀yìn.

A pàdé bàbá arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́, igi ìdáná lẹ́yìn rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wa, ó gbé ọwọ́ sókè kí wa. Mo dẹ ẹsẹ̀.

"Ẹ má dúró," ni ìbátan wa wí. "Ọ̀kan nínú wọn ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ta ló tún ń gun kẹ̀kẹ́ níbí? Ẹ má dúró, ẹ máa lọ."

Mi ò dúró. Mi ò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìbátan wa nìkan. Nígbà tí mo dẹ ẹsẹ̀ yẹn, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ, ẹnu mi kò sì gbà á. Èmi ọmọ onílẹ̀, lórí ilẹ̀ bàbá mi, kí n bi àlejò pé níbo ni Ṣábẹ wà. Àwọn ọkùnrin ọjà ni mo fi ojú inú rí. Bàbá náà sì wò wá títí a fi kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí àwọn obìnrin tó ru omi, mo sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kí wa, mo dáhùn, mo tẹ̀ ẹ́ lọ.

Nígbà tó ṣe, mo rí òkè. Ó yọ dúdú láàárín ọyẹ́, níwájú wa gan-an, ayọ̀ sì gbé mi débi pé mo kígbe sẹ́yìn pé òkè rèé. Mo sáré lọ bá a. Àwọn kòtò ń gbé ọkọ̀ sókè, ìbátan wa sì ń bú mi torí pé ọwọ́ rẹ̀ ń kúrò lójú ọgbẹ́. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, àpáta kan ni, kò ga ju ilé lọ, ewúrẹ́ jókòó sórí rẹ̀. Mi ò rí i rí láyé mi. Ọ̀nà náà tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀ láti wo àbúrò mi. Ẹ̀jẹ̀ ti gba inú àwọn àpò náà, ó ti ń kán láti abẹ́ ọkọ̀ sórí iyanrìn. Ètè rẹ̀ ti funfun. Nígbà tí ìyá wa bí i, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n kí ìyá wa lè lọ sọ́jà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ṣé ẹ ti rí òkè?"

"Mo ti rí i."

"Ó dáa." Ó pa ojú dé. "Ẹ fún mi lómi."

Kò sí omi. Mo padà sẹ́nu ọkọ̀, mo sì bá ara mi sọ ọ́ pé ẹni tí mo bá kọ́kọ́ rí, màá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó jẹ́ wèrè. A padà sẹ́yìn. Kò sí ẹnì kankan mọ́. Gbogbo àwọn tí mo fi sílẹ̀ ti lọ. A yà síhìn-ín, a yà sọ́hùn-ún, kajú ṣáà ni. Ìgbà náà ni mo rí èéfín kan tó ń gòkè lọ́hùn-ún, tó rọra ń lọ bí ti ààrò. Mo ronú pé níbi tí wọ́n bá ti ń se oúnjẹ, ènìyàn wà níbẹ̀, ènìyàn náà á sì mọ ọ̀nà. Mo tẹ̀lé e.

Ọpọ́n aláwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti dojú dé, ẹ̀gẹ́ sì fọ́n ká ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí àká iṣu tó ti di eérú, tó ń rú èéfín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbà wọlé, níbi tí mo ti kọ́kọ́ sá jáde. Èéfín tí àwa fúnra wa dá ni mo tẹ̀lé dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a sun àká wọn.

Wọ́n pọ̀ nísinsìnyí. Kí n tó lè yí ọkọ̀ padà, wọ́n ti yí wa ká. Wọ́n fa ìbátan wa sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo sì gbọ́ bí igi ṣe ń bà á, lákọ̀ọ́kọ́ bí ẹni ń gún ata, lẹ́yìn náà bí ẹni ń na aṣọ tútù. Ó ń bẹ̀ wọ́n. Ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn mi, ó fi aṣọ ọrùn mi fà mí, mo sì fi ojú lulẹ̀. Wọ́n fi igi nà mí lẹ́yìn. Eyín kan ṣẹ́ lẹ́nu mi. Mo gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ torí pé mi ò ráyè tu ú.

Mo rí ẹsẹ̀ àlejò wa. Eérú ti bò ó dé orúnkún. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí. "Mo ti ṣìnà. Mi ò mọ ibi tí mo wà. Ọ̀nà wo ló dé Ṣábẹ? Àbúrò mi ń kú lọ."

Igi tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi dúró. Ọkùnrin náà wò mí. Etí rẹ̀ ti wú níbi tí wọ́n ti gbá a.

"Ẹ̀yin," ni ó wí. "Ọmọ Bàbá. Ẹ ò mọ ọ̀nà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí eérú náà. "Ta ló fi iná sí àká mi?"

Ìbátan wa wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti di, ó ń fi èkejì wò mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá nawọ́ sí i, wọn ó parí rẹ̀ síbẹ̀.

"Àwa ni," ni mo wí. "Èmi ni mo gbé wọn wá nínú ọkọ̀ mi. Àwa ni."

Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn bàaṣé. Iná ti jó o lọ́wọ́, awọ ibẹ̀ ti bó. Ó wo inú ọkọ̀, ó sì sọ nǹkan ní èdè wọn. Ó tú ọ̀já àyà rẹ̀, ó gun ọkọ̀ náà, ó so ọ̀já náà mọ́ itan àbúrò mi lókè ọgbẹ́, ó ki igi kékeré kan bọ̀ ọ́, ó sì ń yí i títí àbúrò mi fi ké.

Àbúrò àlejò wa, ẹni tó gbé àdá yẹn, bọ́ síwájú. Èdè wa ló sọ, kí n lè gbọ́. "Ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀. Bó bá yè, á padà wá."

"Bó bá kú síbí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn, "gbogbo Ṣábẹ ló máa wá."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó gbé àdá náà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi, ojú rẹ̀ sún mọ́ tèmi débi pé mo ń gbóòórùn èéfín lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ lè dúró fún un pé kò ní padà wá?"

Mo ronú nípa àbúrò mi, àti bó ṣe máa ń rí bí inú bá bí i. Mi ò lè dúró fún un. Mo sọ ohun tí mo lè ṣe.

"Èmi ni mo ní ọkọ̀," ni mo wí. "Mi ò ní gbé e wá síbí mọ́."

"Èyí ń kọ́?" Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìbátan wa.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ."

"Rárá. Èyí á jókòó tì wá títí a ó fi rí àwọn àgbà yín."

Mo wo ìbátan wa. Ó ń mi orí sí mi pé kí n má lọ. Mo dìde, mo wọ ọkọ̀, mo sì fi í sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọn ó pa á. Títí di òní, bí a bá pàdé níbi ọ̀rọ̀ ẹbí, kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àlejò wa gun alùpùpù. Kò sọ fún mi pé kí n máa tẹ̀lé òun. Ó ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, ó di igi tó fi yí ọ̀já náà mú. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin náà nínú eruku. Ó yà níbi tí mi ò lè yà. Ó gba inú odò gbígbẹ kan kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta tí ewúrẹ́ jókòó sí, ibi tí mo rò pé ọ̀nà tán sí. Ọ̀nà náà wà lẹ́yìn rẹ̀, koríko ló bò ó. Kí n tó mọ̀, ọ̀dà ti wà lábẹ́ táyà mi. Òkè wà lápá òsì, gbangba, bí ìgbà gbogbo. Ọ̀tún ni mo ti ń wò látàárọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n gbé àbúrò mi wọlé. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ọ̀já rẹ̀ lọ pẹ̀lú àbúrò mi. Ó fi apá bo àyà, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo àwọn ènìyàn tó ti ń péjọ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń béèrè pé ta ló ṣá a, ó sì mi orí.

"Ẹ bá mi kí Ìyá," ni ó wí. Wọ́n lọ.

Mo kí ìyá wa. Ìyá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé kó gbin kajú díẹ̀, nítorí pé ó ti ń dàgbà, apá rẹ̀ ò ní í lè kọ ebè títí láé. "Mo fẹ́ sọ fún yín," ni wọ́n wí. "Ẹ kì í jókòó." Àbúrò mi ní obìnrin kò lè fi ilẹ̀ bàbá òun fún ẹnikẹ́ni gbin igi. Bóyá òótọ́ ni. Àwọn àgbà lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gba ìbátan wa padà pẹ̀lú apá kan tó ṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká kó èbù láti inú àká tiwa lọ dípò èyí tó jóná. Ní ti kajú, wọ́n ní èyí tó ti tu ti tu, èyí tó kù kó wà níbẹ̀ títí wọn ó fi jókòó sọ ọ́. Wọn ò tíì jókòó.

Àbúrò mi yè. Ẹsẹ̀ náà kò ká dáadáa mọ́, igi ló fi ń rìn. Ó máa ń sọ fún àwọn tó bá wá kí i pé òkè ló mú wa délé, pé ẹ̀gbọ́n òun rí òkè. Mi ò tíì já a nírọ́ lójú ènìyàn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó wá bá mi lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Mò ń rán aṣọ. Mo ti padà sí ìdí ẹ̀rọ mi, bàaṣé náà sì wà lábẹ́ igi, gíláàsì rẹ̀ ò tíì ní àtúnṣe. Àbúrò mi kò lè gun alùpùpù mọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Ó fi igi rẹ̀ ti ògiri. Àpò kan wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì rí èèkù àdá tó yọ nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi dé oko."

"Oko wo?"

"Ẹ mọ oko tí mò ń wí. Wọ́n ní igi yẹn ti tún ń hù."

Mo ń tẹ ẹ̀rọ náà lọ. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán, mo sì rí i pé mo ti rán ẹnu ọwọ́ rẹ̀ pa. Mo dá a dúró.

"Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀? Lórí ilẹ̀ Bàbá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣìnà níbẹ̀, ìwọ náà wà nínú ọkọ̀. Òkè kọ́ ló mú wa délé. Mo kúnlẹ̀ béèrè ni."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ìta, bóyá ẹnì kan ń gbọ́ wa.

"Ẹ má sọ ìyẹn síta," ni ó wí.

"Lọ wá ẹlòmíràn kó gbé ọ. Bí ẹ bá dé inú kajú tí ẹ bá ṣìnà, kó béèrè."

Mo ń fi abẹ́ tú okùn tí mo rán síbi tí kò yẹ; mo mọ àbúrò mi, mo sì mọ ohun tí àdá lè ṣe. Níkẹyìn ó mú igi rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàaṣé, ó wo inú rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé ìyá wa lọ. Mo dìde, mo yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò lára ìṣó tí mo kọ́ ọ sí, mo so ó mọ́ ìdí ìró mi. Ibẹ̀ ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí.